Ọjọ́ Tí Bisikíìtì Wọ Abẹ́ Àjà

Ẹ bá mi wá olówó tí owó ń dà láàmú tí wọn ò jẹ́ kó ná an, kí ẹ wá fi í wé Augie Pfister. Gíláàsì ojú mọ́tò ni baba náà ń ṣe. Gbogbo òkúta tó bá ta lórí títì Amẹ́ríkà tó sì fọ́ gíláàsì ẹlẹ́gbẹ́ wa, ìbùkún ni lójú Augie. Ó lè ra Toledo tọ̀tún tòsì, kó fi adágún ẹ̀gbẹ́ ìlú ṣe èènì, kí ṣéńjì sì kù sí i lọ́wọ́. Òun ló ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa, Alágbẹ̀dẹ Toledo. Síbẹ̀, bó bá fẹ́ fi dọ́là kan ṣoṣo kún owó agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ yọjú sí Lorna Dombrowski, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ tọrọ àyè lọ tọ̀. Lorna á ní, "Rárá, Ọ̀gá Augie." Augie á ki ọwọ́ bọ àpò padà, á sì máa lọ.

Àjà ló fà á. Líìgì bọ́ọ̀lù wa, bọ́ọ̀lù tí à ń fọwọ́ gbé sáré tí àwọn òmìrán sì ń tìtorí rẹ̀ kọlu ara wọn, ta àjà kan lé gbogbo ẹgbẹ́ lórí, ó ga bákan náà fún gbogbo wa. Kó owó gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ lé ara wọn: orí òkìtì náà kò gbọdọ̀ kan àjà. Bí ọdún tuntun líìgì bá bẹ̀rẹ̀ lágogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí nínú oṣù Kẹta, tí orí òkìtì tìrẹ sì ti lu àjà, wọ́n á bu ìtanràn lé ọ, wọ́n á fa àdéhùn rẹ ya, wọ́n á tún gba àyè tí o fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́dọọdún. Lorna ni olùṣọ́ àjà wa. Amòfin ni, ohùn rẹ̀ sì ni à ń gbọ́ ká tó gbọ́ bàtà rẹ̀. Èmi ni mo ń bá ẹgbẹ́ kọ ìròyìn fáwọn oníròyìn, yàrá mi sì fẹ̀gbẹ́ kan tirẹ̀, nítorí náà kò sí àṣírí kankan nínú ayé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, yìnyín ń bọ́ wẹ́wẹ́, Brent Haverkamp sì gbé páálí dónọ́ọ̀tì wọ yàrá ìpàdé. Brent ni alákòóso ẹgbẹ́, kò sì tíì pẹ́ tó dé. Iṣẹ́ wíwá agbábọ́ọ̀lù ló ti ń ṣe bọ̀. Bó bá rí ọmọ kan tó ń sáré lókèèrè, á sọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bá fúnra rẹ̀ ra dónọ́ọ̀tì fún ọmọ iṣẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ yáa wo ẹ̀yìn wò.

Brent ní, "A máa jẹ́ kí Bisikíìtì máa lọ."

Dónọ́ọ̀tì há mi lọ́fun.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Georgia ni Lamarcus Treadwell, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ tó kọ́kọ́ bá wa jẹun ni orúkọ náà ti di Bisikíìtì. Ó ga bí ilẹ̀kùn, ó sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àti ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀. Òun ni ẹni àárín wa: òun ló ń ti bọ́ọ̀lù gba àárín itan rẹ̀ sẹ́yìn fún Tate Ostrander, atọ́kùn wa tó ń ju bọ́ọ̀lù, òun náà ló sì ń dúró bí ògiri kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kan Tate. Gbogbo ayé rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù, ọ̀dọ̀ wa ló ti lò ó. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nínú eré kejì. Ìyókù ọdún náà, ẹ̀yìn ni Tate fi gbá bọ́ọ̀lù: ìpàkọ́ rẹ̀ ń wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo sánmà.

Lorna ní, "Kó máa lọ síbo?"

"Síbi tó bá wù ú. Ọdún gidi inú àdéhùn rẹ̀ ti tán. Ọdún iwin nìkan ló kù, ìyẹn náà á sì pòórá lágogo mẹ́rin òní. A ti ga ju àjà lọ, Lorna. Òun ló wúwo jù. Tó bá lọ, ẹrù fúyẹ́."

Lorna bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, tó sì nu omijé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti iwin yìí fún yín. Láwọn ọdún tó ti kọjá, Augie ti fún Bisikíìtì ní owó ìtọwọ́bọ̀wé ńlá, ìyẹn owó tí agbábọ́ọ̀lù máa ń gbà lójú ẹsẹ̀ tó bá ti buwọ́ lùwé. Bisikíìtì gbà á lódindi, ó fi kọ́lé fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n líìgì gbà pé kí á pín ìwúwo owó náà sórí gbogbo ọdún inú àdéhùn, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa fọ́ àjà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọdún ò wá tó pín mọ́, a fi ọdún iwin kún un: àwọn ọdún tí gbogbo wa mọ̀ pé Bisikíìtì á ti wà ní Georgia tí á máa fi ìwọ̀ pẹja, ṣùgbọ́n tí wọ́n wà lórí ìwé kí wọ́n lè bá wa ru ẹrù. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe é. Kì í ṣe èrú. Ó kàn jọ èrú ni.

"Brent, ọmọ dáadáa," Lorna ní, "nígbà tí iwin bá pòórá, ta ló máa gba ẹrù orí ẹ̀?"

"Ẹrù á bá a lọ. Ṣebí iwin ni."

"Iwin ń pòórá, ẹrù ń jábọ́! Gbogbo ẹ̀ ló máa já lu ọdún yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó òkú là ń pè é. Tí Bisikíìtì bá dúró, tó buwọ́ lu àdéhùn tuntun kí agogo mẹ́rin tó lù, iwin á jókòó jẹ́ẹ́, ẹrù á wà ní pínpín. Tó bá lọ, òun tí ò sí níbí á gba àyè ju ìgbà tó wà níbí lọ!"

Ojú Brent funfun bí yìnyín ìta. "Ìyẹn ni pé mo lé e, mo sì tún ń sanwó ẹ̀?"

"O san owó ẹran, o ò jẹ ẹran, eegun tún há ọ lọ́fun."

Brent jókòó. Páálí dónọ́ọ̀tì ló jókòó lé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí bìrí nìyẹn. Ọkùnrin tí a fẹ́ sìn dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ti di ẹni tí a ní láti dì mú kí agogo mẹ́rin tó lù, a ò sì ní àyè lábẹ́ àjà fún owó tí a lè fi dì í mú. A sáré lọ sí yàrá irin. Bisikíìtì wà níbẹ̀, ó gbé irin tó jẹ́ pé bí èmi bá gbé e, wọ́n á gbé èmi náà lọ ilé ìwòsàn. Brent ṣàlàyé, ṣúgà funfun ń gbọ̀n bọ́ nídìí ṣòkòtò rẹ̀.

Bisikíìtì sọ irin sílẹ̀. Omi gba ojú rẹ̀. "Àǹtí Lorna, ṣé ìyẹn nìkan ni? Ẹ mú bírò wá. Ọ̀fẹ́ ni màá gbá a."

Ha! A dì mọ́ ara wa. Brent fò, ó rọ̀ mọ́ ọrùn Bisikíìtì bí táì.

"Ta ló ní ọ̀fẹ́?"

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Chandra ni, ìyàwó Bisikíìtì, tí kò ga ju àyà ọkọ rẹ̀ lọ. Obìnrin yìí kì í ṣe ìyàwó nìkan: ó ti yege ìdánwò tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń ṣe fún aṣojú, òun ló sì ń bá ọkọ rẹ̀ dúnàádúrà.

"Olólùfẹ́ mi, mo kàn ní—"

"Nílé, ọkọ mi lo jẹ́. Níbí, oníbàárà mi ni ọ́. Oníbàárà mi kì í dá sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ò sì gba ọ̀fẹ́," Lorna kùn. "Iye kan wà tí èèyàn ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí. Mo fẹ́ kí inú yín kọ́kọ́ dùn díẹ̀ ni."

Chandra gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Royce Pettibone, alákòóso àwọn Ọ̀nì Memphis, á pè mí lágogo mẹ́rin géérégé. Àyè tó wà lábẹ́ àjà tiwọn dà bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nítorí náà, ẹ sọ̀rọ̀ gidi."

Ó di yàrá ìpàdé. Wọ́n gbé ẹja adágún díndín wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ àfi Bisikíìtì. Chandra ní iye tí ọkọ òun gbà tẹ́lẹ̀ lòun fẹ́, kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ dín. Lorna ní kí Chandra yọ́ ayé wò, kó wo òkè, kó rí àjà. Chandra ní òun ò gbé abẹ́ àjà, abẹ́ sánmà lòun ń gbé. Ọ̀sán ń lọ. Inú bí Brent, ó lu tábìlì.

"Ìyáàfin, ẹ jẹ́ ká sòótọ́! Ẹsẹ̀ tó kán nìyẹn! Eré méjì péré ló gbá lódidi ọdún! Ta ló máa sanwó ńlá fún ẹni tó gbá eré méjì?"

Bisikíìtì gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ìdágbére jọ nínú orí mi.

Lorna dìde díẹ̀díẹ̀. "Brent, tún un sọ."

"Mi ò ní í sọ ọ́ mọ́, ẹ má bínú—"

"Tún un sọ! Eré mélòó ló gbá?"

"Méjì."

Lorna wo Chandra. Chandra wo Lorna. Ojú wọn pàdé bí ojú ológbò méjì tó rí ẹja kan náà.

Òfin líìgì nìyí. Bí ẹgbẹ́ bá ṣèlérí owó ìwúrí fún agbábọ́ọ̀lù, pé tó bá ṣe báyìí á gba báyìí, líìgì á wo ọdún tó kọjá. Bó bá ṣe ohun náà lọ́dún tó kọjá, líìgì á ní ó dájú pé á tún un ṣe, owó náà á sì wúwo lábẹ́ àjà láti òní. Bí kò bá ṣe é rí lọ́dún náà, líìgì á ní kò dájú. Owó náà ò wúwo rárá, àfi lẹ́yìn tó bá ṣe é. Bisikíìtì sì gbá eré méjì. Kó gbá mẹ́ta, lójú líìgì, iṣẹ́ ìyanu ni. Ẹsẹ̀ tó kán, tó sọ gbogbo wa di ẹlẹ́kún, ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

"Owó eré kẹta," ni Chandra wí, ó sì dárúkọ iye kan.

"Kò wúwo," ni Lorna dáhùn.

"Òmíràn tó bá gbá ìdajì ọdún."

"Kò wúwo!"

"Ìlọ́po méjì rẹ̀ tó bá gbá ọdún já."

"Kò wúwo! Fi kún un!"

Brent di orí mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣaṣojú ta?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Augie Pfister wọlé pẹ̀lú fìlà onírun lórí. Ó ti gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀. "Ṣé owó mi lẹ̀ ń sọ?"

"Owó yín ni, Ọ̀gá Augie," ni Lorna wí.

Augie ti ń ki ọwọ́ bọ àpò padà. "Mo mọ̀. Rárá ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni ni."

"Kí lo wí?"

"Ẹ ná an."

Ẹ̀rín bú sẹ́nu baba náà, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó bọ́ fìlà. Ó fa àga. "Ìyáàfin Treadwell, iye wo lẹ fi sí ti ọdún já yẹn? Háà, ó kéré! Ṣé ọkọ yín ò ní í jẹun ni?"

"Ti oúnjẹ," ni Lorna wí, "lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tẹ́sẹ̀ kán, ó wúwo ju ìwọ̀n tí dókítà fẹ́ lọ láti oṣù dé oṣù. Tí a bá sọ pé á gba owó tó bá wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n náà..."

"Kò dájú!" ni Chandra ké.

"Kò dájú rárá!" ni Augie ké.

"Chandra," Bisikíìtì ní, ohùn rẹ̀ sì kéré bí ti ọmọ ọwọ́, "jọ̀ọ́, má fi oúnjẹ sí i."

"Oníbàárà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó rọra ti àwo ẹja jìnnà sí ara rẹ̀.

Brent na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. "Tó bá wá gbá gbogbo ẹ̀ ńkọ́? Tó sì fọn?"

"Àjà ọdún tó ń bọ̀ á gbé e," Lorna ní. "Wọ́n ti ń sọ pé wọ́n á gbé e ga sí i. Brent, tó bá gbá gbogbo ẹ̀, ìyẹn ni pé Tate wà lórí ìdúró, a sì ń jáwé olúborí. Ṣé wàá sunkún?"

Lorna ṣírò. Owó oṣù tó kéré jù tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù gbà láàyè, owó ìtọwọ́bọ̀wé kékeré kan tí a pín, ìyókù gbogbo di owó ìwúrí. Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kú.

"Orí wa ṣì ń kan àjà."

"Ó kan án tó báwo?"

"Bí irun orí. Ṣùgbọ́n irun orí náà orí ni."

A wo aago. Ó ti kọjá agogo mẹ́ta dáadáa. Lorna tún ronú, ó ní ọ̀nà kan ló kù: kí á sọ owó ọdún yìí ti Tate atọ́kùn di owó ìtọwọ́bọ̀wé, ká fún un lódindi lójú ẹsẹ̀, ká wá pín ìwúwo rẹ̀ sórí àwọn ọdún iwájú. Tate kéré lọ́jọ́ orí, ọdún iwájú rẹ̀ pọ̀, kò nílò iwin kankan. Ó ní kí Brent pè é.

Tate wà nínú odò Maumee, omi dé e ní ìbàdí, bí gbogbo ọkùnrin Toledo tó yè kooro ṣe máa ń ṣe nínú oṣù Kẹta nígbà tí ẹja bá ń wọ́ gòkè. Ṣùgbọ́n kò sí agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ rí orúkọ alákòóso lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Brent, mo bẹ̀ ọ́, má lé mi!" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Mo mọ̀ pé mo ju bọ́ọ̀lù nù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo wà! Ẹ̀yìn ni mo fi ń jù ú!"

"Tate, fara balẹ̀. A fẹ́ fún ọ ní gbogbo owó ọdún yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí."

Odò nìkan là ń gbọ́. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Owó rẹ ni—"

A gbọ́ pòmbọ́. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Brent yíjú sí wa, fóònù lọ́wọ́, òógùn bò ó. "Ó ti jábọ́ sómi. Mi ò mọ̀ bóyá fóònù ni tàbí òun. Ó ti parí! Kò tíì gbà!"

"A ò nílò kó gbà," ni Lorna wí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lórí kọ̀ǹpútà. "Àdéhùn rẹ̀ fún wa láyè láti ṣe é láì béèrè."

"Kí ló wá dé tí o ní kí n pè é?"

"Ìwà ọmọlúàbí, Brent."

Ó ṣírò, ó tẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀yìn tì. A ti wà lábẹ́ àjà! Ìwé Bisikíìtì jáde nínú ẹ̀rọ, ó ṣì ń gbóná. Chandra kà á láti òkè délẹ̀, ó mi orí, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. Augie fi bírò wúrà tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Aago ń lọ sí mẹ́rin.

Bisikíìtì fi bírò náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Mi ò buwọ́ lù ú."

"Lamarcus," Chandra ní. Kò pè é ní oníbàárà.

"Ẹ má bínú, mà. Láti àárọ̀ lẹ ti ń wọ̀n mí bí àpò ìrẹsì. Ó wúwo, kò wúwo, ó dájú, kò dájú. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, inú mi ò bàjẹ́, iṣẹ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí," ó nawọ́ sí Brent, "ó béèrè pé ta ló máa sanwó fún ẹni tó gbá eré méjì. Nítorí iwin lo ṣe ń mú mi, Brent. Àwọn Memphis, èmi gan-an ni wọ́n fẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

Gbogbo wa wo Brent. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ amòfin. Kọ̀ǹpútà ò lè dáhùn ìyẹn.

Brent rìn yí tábìlì ká lọ bá a. "Láàárọ̀ yìí mo fẹ́ jẹ́ kí o lọ. Òótọ́ ni. Mo rò pé mo gbọ́n." Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Kí wọ́n tó fún mi níṣẹ́ yìí, mo wo fídíò gbogbo eré tí ẹgbẹ́ yìí gbá lọ́dún tó kọjá. Mò ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Nínú eré kan, wọ́n gbé Tate ṣánlẹ̀, gbogbo èèyàn sá lọ bá a. Kámẹ́rà yí díẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹsẹ̀ nínú símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń di eegun, tó ń fi ọ̀pá wọ́ bọ̀ lórí koríko láti lọ bá Tate. Àwọn adájọ́ eré mẹ́ta ń tì í padà. Mẹ́ta! Wọn ò lè tì í. Ẹlẹ́sẹ̀ kan! Mo sọ fún ara mi pé irú èèyàn yẹn ni mo fẹ́. Mo dé ibí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè, mò ń wo àjà, mo gbàgbé ọkùnrin náà. Ìwọ ni mo fẹ́, Bisikíìtì. Ká ní àjà ò sí rárá, ìwọ náà ni."

"Kì í ṣe símẹ́ńtì," Bisikíìtì ní. "Ike ni. Símẹ́ńtì ì bá ti fọ́."

Ó mú bírò. Nínú ọwọ́ rẹ̀ ó dà bí igi ìtayín. Ó buwọ́ lùwé.

Lorna fi í ránṣẹ́ sí líìgì. A dúró. Augie di ọwọ́ Chandra mú, Chandra di ọwọ́ mi mú, èmi di ìgbànú Bisikíìtì mú nítorí mi ò rí ọwọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dún bí ọmọ ẹyẹ. Lorna kà á fún ara rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ète rẹ̀ ń mì.

"Wọ́n gbà á. Wọ́n gbà á! A wà lábẹ́ àjà, òun náà wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú wa!"

Ẹ ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Augie ju fìlà sókè, ó lu iná. Brent jó, ijó tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣì funfun fún ṣúgà. Ariwo wa ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Chandra dún. Agogo mẹ́rin ti lù. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ìyáàfin Treadwell!" Royce Pettibone ni láti Memphis, ohùn rẹ̀ ń dán bí bàtà tuntun. "Ẹ kú ọdún tuntun líìgì! Ẹni wa dà? Yàrá rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́."

Chandra wo ọkọ rẹ̀, ó na fóònù sí i.

"Ọ̀gá Pettibone," Bisikíìtì ní, "ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀ ń wá ò sí nílé. Ó ti lọ síbi iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Àdéhùn ẹ̀ ti tán!"

"Ó tán láàárọ̀. A tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, sà, nínú oṣù Kẹwàá a ń bọ̀ ní Memphis. Mo máa kí yín dáadáa."

Àwọn oníròyìn ti kún ìsàlẹ̀, kámẹ́rà lé kámẹ́rà, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo sọ̀ kalẹ̀ láì mú bébà kankan lọ́wọ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bisikíìtì ló ń bọ̀, ó gbé Brent sí èjìká kan, ó gbé Augie Pfister, olówó Toledo, sí èkejì, Chandra sì ń tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé kó rọra nítorí ẹsẹ̀.

Oníròyìn kan béèrè pé, "Bisikíìtì, ṣé lílọ lẹ̀ ń lọ?"

"Lílọ kẹ̀?" ó ní, ó sì gba àárín wọn kọjá sí ọ̀nà yàrá irin. "Ẹ yà fún mi lọ́nà. Mo níṣẹ́ láti ṣe."